Ọmọ yín pé ọgbọ̀n ọdún: bí ẹ ó ṣe yẹ́ ẹ sí tí kò ní máa tijú yín

Lọ́jọ́ tí ọmọ mi obìnrin pè mí láti Ìlú Ọba pé, "Màámi, mo ti gba PIN mi o," mo pariwo, mo jó yí yàrá ká. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo bọ́ síwájú ìjọ láti dúpẹ́. Mo ní ọmọ mi ti gba PIN. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí. Ìyá kan tó jókòó níwájú rọra bi mí pé, "Ṣé ti ATM ni?" N kò lè dá a lóhùn, torí èmi náà ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọmọ ń sunkún ayọ̀ lórí fóònù, mo sì bá a sun ún.

Ìgbà tó yá ló ṣàlàyé fún mi. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà tó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ní Ìlú Ọba ní ìdánwò méjì láti ṣe. Ọ̀kan ni CBT, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Èkejì ni OSCE, níbi tí wọn yóò ti dúró tì í, tí wọn yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tọ́jú aláìsàn, láti ibùdó kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi pé mẹ́wàá. Tó bá yege tán ni NMC, àjọ tó ń mójú tó àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ ni PIN. Ọmọ mi fìdí rẹmi nínú OSCE nígbà àkọ́kọ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó yege.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà ló pé ọgbọ̀n ọdún, ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ìmúrasílẹ̀ tí mo ṣe fún ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú àwọn ibi tí mo ti ṣì í ṣe. Kéèkì, àsè àti ẹ̀bùn, ẹnikẹ́ni tó lówó lè rà á. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tilẹ̀ ṣe é jù wá lọ. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ẹnu òbí nìkan ló ti lè jáde. Àwọn yẹn ni mo ní kí ẹ fi àkókò yín sí.

1. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: ẹ bi í léèrè

Ẹ pè é nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó ti ń bá yí. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi àwọn tèmi:

Kí lo ṣe lọ́dún yìí tó le? Sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá àgbà.
Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́?
Èwo ni mo lè sọ síta nínú rẹ̀?
Èwo ni ẹnu mi ò gbọdọ̀ kàn?

Ìbéèrè kẹrin yẹn, owó ni mo fi kọ́ ọ, owó ọmọ mi sì ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Iṣẹ́ mìíràn fẹ́ẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀, ìwé ni kò tíì dé. Èmi ò dúró. Mo gbé e sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí pé kí wọ́n bá mi yọ̀, ọmọ mi ti di máníjà. Ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yẹn mọ ọ̀gá rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀gá ti ní kó máa lọ síbi tó ń lọ. Níbi tuntun, wọ́n ní àwọn ò gba èèyàn mọ́. Ọmọ náà ò bínú sí mi lójú, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́rin kó tó tún sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ létí mi.

Nítorí náà, tó bá ní "Màámi, ẹ má tíì sọ èyí," ẹ má bi í pé kí ló dé. Ẹ ní, "Mo ti gbọ́."

2. Ẹ kọ ohun tó ṣe sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a bá fẹ́ yin ọmọ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń sọ: ọmọ dáadáa ni, onígbọràn ni, wàá ṣe ju báyìí lọ. Kò burú, àmọ́ ọmọ aládùúgbò náà, ohun tí ìyá rẹ̀ ń kọ sí i nìyẹn. Ọmọ tó ti pé ọgbọ̀n ọdún á kà á, á fi àmì ọkàn pupa sí i, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta: ohun tó ṣe, ohun tó fara gbá kó tó ṣe é, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fojú rí tàbí fetí gbọ́. Ìlà kẹta yẹn ló wúlò jù, torí ẹlòmíràn ò ní in. Nínú ìwé tèmi, mo kọ pé: "Ó gba PIN. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. Ní oṣù kẹrin, ó ń pè mí láàárọ̀ ṣáá, ohùn rẹ̀ ń há, ó ní òtútù ló mú òun." Ẹkún ni. Mo ti wá mọ̀ báyìí.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi hàn. Bí tiyín bá jẹ́ télọ̀, ọmọ iṣẹ́ mélòó ló ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀? Bó bá jẹ́ agùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìpínlẹ̀ wo ni wọ́n rán an lọ, ta ló sì gbà á lálejò níbẹ̀? Bó bá jẹ́ awakọ̀, ọdún mélòó ló ti fi wà lójú ọ̀nà tí kò fi ọkọ̀ pa ẹnikẹ́ni lára? Èyí tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀, tí kò sì fi í ṣe fọ́ńté, ẹ kọ iye sáà tó ti san sílẹ̀. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ rárá.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ kọ: orúkọ ọmọ mìíràn. "O ṣe ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ" kì í ṣe ìyìn. Ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún á máa bẹ̀rù ìgbà tí wọn yóò fi òun náà wé ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n tó bá sì gbọ́ ọ kò ní gbàgbé.

3. Ìtàn ọjọ́ tí ẹ bí i

Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọmọ àgbà ni kò mọ ìtàn yìí. Wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n mọ ilé ìwòsàn, ó tán. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, torí lọ́jọ́ tí a bá lọ, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bi.

Ìtàn ti àkọ́bí mi nìyí. Ní oṣù keje ọdún 1994, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo NUPENG daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìbò June 12 tí ìjọba ológun fagi lé lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, ọkọ̀ ti di ọ̀wọ́n nílùú. Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ni à ń gbé. Òru ni ìrọbí mú mi. Bàbá wọn jáde lọ wá ọkọ̀, kò rí. Ó bá ọlọ́mọlanke kan tó sùn sórí ọmọlanke rẹ̀ lẹ́bàá ọjà, ó jí i. Wọ́n tẹ́ ẹní sí i, wọ́n gbé mi gorí rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu. Bàbá wọn gbé báàgì rù, ó ń sáré tẹ̀lé wa, ó ń sọ fún ọlọ́mọlanke pé kó máa yẹra fún kòtò. Ọlọ́mọlanke ní, "Bàbá, kòtò ló pọ̀ ju ọ̀nà lọ." Nínú ìrora, mo rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ tiyín, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sí i: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà, ẹni tó gbé yín dé ilé ìwòsàn tàbí tó gbẹ̀bí, ohun tí ẹnìkan sọ tí ẹ ò tíì gbàgbé, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà, àti ìdí tí ẹ fi sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́. Tí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá wà láyé, ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò ní bá tiyín mu. Bàbá wọn ṣì ń jiyàn títí dòní pé òun ò sáré, pé ńṣe lòún rọra ń rìn.

Ẹ má fi ìrora ìrọbí bọ̀ ọ́ lọ́rùn bíi gbèsè. "Mo fẹ́ẹ̀ kú lórí ẹ, ìwọ kì í sì í pè mí" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí.

4. Oríkì

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, ibí náà sì ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ pẹ́ sí. Ọmọ tó ń gbé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀, tó ń gbọ́ "Abi" láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ Àbẹ̀kẹ́ láti ẹnu ìyá rẹ̀, kí ẹ wá wò ó bí orí rẹ̀ kò bá ní wú.

Ẹ kọ́kọ́ mú orúkọ oríkì rẹ̀: Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àjàní, Àkànní, èyí tí wọ́n bá sọ ọ́. Ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un bí kò bá mọ̀ ọ́n. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àjàní ni ẹni tí a jà kí a tó ní. Bí wọn kò bá fún un ní oríkì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kò tíì pẹ́ jù. Ẹ lọ bá àgbà ilé.

Lẹ́yìn náà ni oríkì orílẹ̀. Ẹ má lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wá dà á kọ. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni ti gbogbo orílẹ̀ náà. Ti agbo ilé yín máa ń ní ẹ̀ka tirẹ̀, orúkọ bàbá ńlá yín sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó dàgbà jù nílé ọkọ, torí àwọn ìyàwó ilé àti ọmọ osú ló mọ̀ ọ́n jù. Ẹ ra búrẹ́dì dání. Ẹ tan fóònù yín kó máa gba ohùn kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀, torí wọn kì í lè tún un sọ bákan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ná, kẹ́ ẹ tó béèrè.

Ọmọ Ìkòyí, orílẹ̀ àwọn jagunjagun, ni ọkọ mi. Ìyá àgbà tó kì wọ́n fún mi dé ibi kan tó ní ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni í ti í gbọgbẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé ọkọ, bí ọ̀rọ̀ ogun àtijọ́ lásán ló ṣe rí létí mi. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rántí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú OSCE tó sì tún padà dojú kọ ọ́. Mo ní kí ìyá tún un sọ.

Bí ẹ ṣe máa gbà á sílẹ̀ fún ọmọ nìyí. Ẹ jí ní kùtùkùtù kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa rédíò àti fáànù. Nínú WhatsApp, ẹ tẹ àwòrán máìkì, ẹ fà á sókè kó lè há síbẹ̀, kó má baà rẹ ìka yín. Ẹ gbé fóònù jìnnà sẹ́nu díẹ̀, bí ìbú ọwọ́ kan. Ẹ pe orúkọ oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi oríkì ilé bàbá kì í, ẹ fi ti ilé ìyá kì í, ẹ wá fi ohun tó ṣe lọ́dún yìí kún un. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta tó. Ẹ má kà á látinú ìwé. Bí ẹ bá ṣì í sọ, ẹ máa lọ. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síbòmíràn, torí tí fóònù bá bàjẹ́, ohùn náà lè bá a lọ.

Oríkì máa ń ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Wọ́n lè bú bàbá ńlá yín ní ọ̀lẹ tàbí alájẹkì. Ẹ má yọ ọ́ kúrò, ibẹ̀ ni ọmọ máa ti rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń sá fún oríkì pé ti abọ̀rìṣà ni. Ọmọ ìjọ ni mí. Bí ìlà kan bá wà tí ọkàn yín kò gbà, ẹ fò ó, kẹ́ ẹ sọ ìyókù.

5. Àdúrà, àti àkókò tí ẹ máa pè é

Ẹni tó jẹ́ mùsùlùmí mọ bí yóò ṣe ṣe adúà, onígbàgbọ́ mọ Sáàmù tí yóò kà. Ohun tí mo fi kún tèmi ni àwọn nǹkan tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: oyin, iyọ̀, omi, orógbó, obì. Bí ọmọ bá wà nílé, ẹ gbé wọn síwájú rẹ̀, kó tọ́ ọ wò bí ẹ ṣe ń ṣàdúrà: kí ayé rẹ̀ dùn bí oyin, kí orógbó gbó o sáyé, kí obì bi ibi dànù. Bó bá wà lókè òkun, oyin àti iyọ̀ kò ṣòro láti rí níbẹ̀. Ẹ sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó gbé wọn sítòsí.

Àdúrà kúkúrú ni mo fẹ́ràn. Ẹ pe nǹkan lórúkọ: ilé tó ń wá, ọmọ tó ń retí bó bá ti sọ fún yín pé òun ń retí, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá tíì gbéyàwó tàbí lọ́kọ, tí kò sì bá yín sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ gbà á ládùúrà nínú yàrá yín. Ẹ má fi ṣe orí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí yóò dun àwọn kan.

Ní ti aago: láti ìparí oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹwàá, aago Ìlú Ọba àti ti Nàìjíríà dọ́gba, nínú ọ̀gìnnìtìn wọn, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Amẹ́ríkà ló ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, New York fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn, Houston fi mẹ́fà. Nígbà òtútù, ẹ fi ọ̀kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá jí ní aago márùn-ún ìdájí, tí ẹ pe ọmọ Houston ní oṣù kẹjọ, aago mọ́kànlá alẹ́ àná ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ìbí náà kò tíì dé. Bó bá sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ gba rọ́sítà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ní 2024, ohùn ni mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀, a wá fojú kojú lórí fídíò nígbà tó sùn tó jí.

6. Lẹ́tà

Ohùn dára, àmọ́ ẹ kọ nǹkan pẹ̀lú. Èyí tí mo kọ nìyí, ẹ lè fi ṣe àwòkọ́ṣe:

"Àbẹ̀kẹ́ mi, òní lo pé ọgbọ̀n ọdún. Lóru tí mo bí ọ, kò sí epo nílùú, ọmọlanke ló gbé mi dé Adéọ̀yọ́. O ò tètè ké. Nọ́ọ̀sì kan gbé ọ sókè, ó gbá ọ nídìí, o figbe ta. Láti ìgbà tí ìwọ náà ti di nọ́ọ̀sì ni mo ti ń rántí obìnrin yẹn. Lọ́dún yìí o ṣe ìdánwò, o ṣubú, o ò sọ fún wa, o dìde, o tún lọ. PIN náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n alẹ́ tó o tún ṣí ìwé náà ló wú mi lórí jù. Nígbà mìíràn, tó o bá ṣubú, sọ fún mi. N kò ní sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Jẹun kó o tó lọ síbi iṣẹ́. Màámi rẹ."

Ẹ rí i pé kò gùn. Ìtàn kan, iṣẹ́ kan, ìlérí kan, ó parí. Bí ẹ kò bá lè kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ẹ kọ ọ́ láìní àmì, yóò yé e. Kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ó dùn ju èyí tí ẹ tẹ̀ sórí fóònù lọ. Tèmi wà lára ògiri yàrá rẹ̀ báyìí.

7. Àsè àti ẹ̀bùn

Èyí kò ní pẹ́. Bí ọmọ bá wà nítòsí, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn èèyàn wá. Àwọn mìíràn kò fẹ́. Bó bá fẹ́, òun ni kó kọ orúkọ àwọn tí yóò wá. Ẹ̀yin lè fi márùn-ún kún un, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ yín. Ẹ má dá aṣọ ẹbí. Ẹ se ohun tó fẹ́ràn ní kékeré, kódà bí kò bá jọ oúnjẹ òde. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ràn àdàlú. Mo se é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, òun ló kọ́kọ́ tán.

Fún ogún èèyàn, kóńgò ìrẹsì méjì máa ń tó lọ́wọ́ mi, bí oúnjẹ mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Kóńgò ẹ̀wà kan ń di bí ogún mọ́ínmọ́ín ó lé díẹ̀, bí ẹ bá ṣe pọ́n ọn sí. Ewé ni kí ẹ lò. Mo ti gbọ́ gbogbo àlàyé nípa ike àti agolo, ewé ni.

Ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín kí wọ́n má ná ọmọ lówó lórí agbo. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 lòdì sí fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ má rò pé wọn kì í mú èèyàn: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó fi Bobrisky, gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Ẹ gbé àpótí kan sílẹ̀ tàbí kí ẹ pín àpò ìwé, kí kálukú fi tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fi ẹrù rán ẹni tó ń lọ Ìlú Ọba: gààrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ni kí ẹ dì. Ẹran gbígbẹ, kílíṣí àti wàrà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láti Nàìjíríà, wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, ẹni tí ẹ rán ni ojú á sì tì.

8. Kí ẹ tó gbé e sórí Facebook

Ẹ fi fọ́tò hàn án kí ẹ tó gbé e jáde. Mo gbé èyí tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́ nínú báfù jáde, níhòòhò, ọmọ oṣù mẹ́fà, mo rò pé ó dùn ún wò. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i. Ó pè mí, kò kí mi. Mo yọ ọ́.

Ẹ má kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún pọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, torí ohun tí báǹkì fi ń dá a mọ̀ nìyẹn, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ ọ́n kà. Ìwé ẹ̀rí, lẹ́tà iṣẹ́, ìwé ìrìnnà, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀: ẹ má ya wọ́n síta. Ẹ ya òun fúnra rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tó. Ẹ kọ ìlà méjì látinú ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀, ìyẹn èyí tó ní kí ẹ sọ. Ìyókù jẹ́ tiyín àti tirẹ̀.

9. Bí ọdún náà kò bá rọ̀ fún un

Ọmọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà ní ọjọ́ ìbí. Ti ọmọ mi ọkùnrin bọ́ sáàárín àwọn oṣù tó fi wà láìníṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi dá sílẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa kí i. Mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí n sì dákẹ́. Bàbá wọn ní kí n ṣe gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Irú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ pé "yóò dára" kí ẹ sì sáré kọjá. Ẹ má ka àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ wá ohun tó ṣe tí kò fi owó wọlé. Mo mú ìwé mi. Ohun tí mo rí kọ nìyí: ó ti ní owó tó ń kó jọ láti fi pààrọ̀ fóònù rẹ̀, ó fi kún owó CBT ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sọ fún mi. Ẹnu ẹ̀gbọ́n ni mo ti gbọ́ ọ. Tí ẹ bá ní ẹ̀bi nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ tọrọ àforíjì lọ́tọ̀, ṣáájú ọjọ́ ìbí, kẹ́ ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìkíni.

Mo pè é láàárọ̀. Mo sọ ìtàn òru tí mo bí i, bí òjò ṣe ń rọ̀, bó ṣe já bọ́ sọ́wọ́ ìyá aládùúgbò kí a tó rí ọkọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ owó fóònù náà. Ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá oríkì Àjàní tí mo gbà sílẹ̀ fún un lọ́jọ́sí ṣì wà lọ́wọ́ mi, torí fóònù tó wà lórí rẹ̀ ti kú.